Òórùn Abóníkì Nínú Ìgò Àdùfẹ́

Rogers Park, Chicago
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, 1985

Ọmọ́níkẹ́, àbúrò ìyàwó mi,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú ìtọ́jú àgọ́ ìpọntí ẹ̀gbọ́n rẹ. Ara mi le. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn, òtútù ibí kò sì jẹ́ kí ó gbọ́. Bímbọ́lá ọmọ mi ló ń kọ èyí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi oyin sí i.

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ náà kí o tó mú bírò. O ní o kò fẹ́ bà mí lọ́kàn jẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé láti ọjọ́ tí a ti sin Àdùfẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ọkàn ṣì wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè bà jẹ́?

Mo ní kí Bímbọ́lá kà á fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Wọ́n sìnkú ìyá ìjòyè kan ní Orí-Omi, wọ́n mu ògógóró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú àwọn ọkùnrin méjì ti fọ́. Ní ọjọ́ kẹta, káfíńtà kan kú. Ọ̀nà méjì ni ọtí ìsìnkú náà ti wá: ìgò mẹ́wàá tí o tà fún wọn nínú èyí tí a pọn kẹ́yìn lábẹ́ àgọ́ Àdùfẹ́, àti ti Oyèwùmí tó ń kó ọtí wá nínú dúrọ́ọ̀mù. Ìlú ní ti Àdùfẹ́ ló ṣe é. Òkú ni wọ́n di ẹ̀bi rù, nítorí òkú kò ní dá wọn lóhùn.

Iṣẹ́ Bímbọ́lá ni kí ó máa yẹ omi inú ìgò wò ní láàbù ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbí. Mo bi í. Ó ní irú ọtí méjì wà tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀. Wọ́n mọ́ gaara bákan náà, iná ń gbà lára wọn bákan náà. Ọ̀kan ni èyí tí à ń mu. Èkejì ni sípírítì tí àwọn tó ń po ọ̀dà ń lò, òun ló sì máa ń fọ́ ojú. Mo ní bí ojú kò bá lè yà wọ́n, kí ni yóò yà wọ́n? Ó ní imú lè gbìyànjú, àwọ̀ tó ń yí padà lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo rán níwèé fún ọdún mẹ́rìndínlógún, imú ló kọ́ wá.

Nǹkan kan wà tí n kò sọ fún ọ. Ìgò kan nínú ọtí tó kẹ́yìn yẹn wà lọ́dọ̀ mi. Mo fi agbádá wé e, mo gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú. N kò mu ún. Mo kàn fẹ́ kó wà níbi tí mo bá wà ni. Bímbọ́lá fẹ́ gbé e lọ sí láàbù, n kò tíì gbà.

Kọ̀wé. Má tún jẹ́ kó pẹ́.

Èmi Akíndúró. Àtẹ̀ka mi nìyí nísàlẹ̀.


Orí-Omi, lọ́nà Òkìtìpupa
Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá, 1985

Bàbá Bímbọ́lá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdánìkanwà. Àwọn ọmọ mi ní kí n kí yín.

Ẹ ti bú mi, mo ti gbà. Bí mo bá kọ̀wé kíákíá, ẹ ó ní mò ń kó ìdààmú bá yín. Bí mo bá dúró, ẹ ó ní mo pẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń bá yín gbé, kò sì kọ́ mi kó tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ti le sí i. Ọlọ́jà tó ń ṣàkóso ìlú pe ẹbí wa sí ààfin. Ó ti gba ìgò kan nínú ọtí wa àti ìgò kan nínú ti Oyèwùmí, ó tì wọ́n mọ́ yàrá rẹ̀, bí ẹni pé ìgò yóò sọ̀rọ̀ bó bá ṣe díẹ̀. Ó fún wa di ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù kejì. Bí a kò bá rí nǹkan fi hàn, wọn yóò wó àgọ́ ìpọntí, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa kò sì ní pọntí mọ́ ní Orí-Omi. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tí ojú wọn fọ́ ń gba ẹnu ọ̀nà mi lọ sódò láràárọ̀. Ó máa ń dúró, yóò tutọ́, yóò sì máa lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan wà tí mo gbọ́dọ̀ bi yín. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í gba abọ́ àkọ́kọ́ tó bá ṣàn láti ẹnu páìpù. Yóò dà á sílẹ̀, yóò ní ti ilẹ̀ ni, pé ibẹ̀ ni ohun búburú inú ọtí máa ń wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pọn èyí tó kẹ́yìn, ó ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹ̀yin lẹ jókòó ti iná. Ṣé ẹ da abọ́ àkọ́kọ́ náà nù? Ẹ dá mi lóhùn èyí ṣáájú ohunkóhun.

Àbúrò yín, Ọmọ́níkẹ́.


Rogers Park
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejìlá, 1985

Ọmọ́níkẹ́,

Ẹ kú ọdún Kérésì tó ń bọ̀, ìwọ àti àwọn ọmọ. Má pa ewúrẹ́ dúdú yẹn, ó ti lóyún nígbà tí mo ń bọ̀.

Mo lọ sí láàbù Bímbọ́lá ní Sátidé. A wọ réluwé láti ibùdókọ̀ Howard, a sọ̀ kalẹ̀, a rìn nínú yìnyín títí orúnkún mi fi bẹ̀rẹ̀ sí bú mi. N kò gbé ìgò Àdùfẹ́ dání. Mo ní kí ó kọ́kọ́ fi tiwọn hàn mí, kí n mọ̀ bóyá àlùpàyídà ni.

Ó gbé ìgò kékeré mẹ́ta kalẹ̀, ó ní kí n tọ́ka sí omi, kí n tọ́ka sí ọtí mímu, kí n tọ́ka sí èyí tó ń fọ́jú. Mo wò wọ́n títí. Omi nìkan ni mo mọ̀, nítorí pé kò lóòórùn. Nínú méjì tó kù, mo tọ́ka sí ọtí mímu. Ó ní, "Bàbá, ẹ ti kú."

Ó mú áyódìn, irú èyí tí wọ́n ń fi sójú egbò, ó kán an sínú méjèèjì pẹ̀lú omi sódà, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Ó mì í, ó mú un lọ́wọ́. Èyí tí à ń mu bẹ̀rẹ̀ sí ṣú bí ojú ọ̀run, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú wá rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ bí gàárì tó rọ̀ sínú omi, ó sì ń rùn bí ilé ìwòsàn. Èyí tó ń fọ́jú kò ṣe nǹkan kan. Mo ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ní kí ó jẹ́ kí èmi kán an. Mo kán an, nǹkan kan náà ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ọmọ ìyá kan ni àwọn méjèèjì, pé oríkèé kan péré ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Mo ní oríkèé wo? Ó ní ojú kò lè rí i. Mo ní, ìwọ wá ṣe mọ̀? Ó ní nítorí ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Mo ro èyí títí a fi délé. Bí a ṣe ń mọ ènìyàn náà nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ó ní ìyẹ̀fun yẹn kò tó fún ẹjọ́ wa. Bí ènìyàn bá da èyí tó ń fọ́jú mọ́ èyí tí à ń mu, ìyẹ̀fun yóò ṣì rọ̀. Ẹlẹ́rìí tó mọ ẹni rere nìkan ni, kò mọ olè tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ṣe òmíràn. Ó bu ẹ̀bù funfun kan tó bá oògùn ara ríro tan, ó da ásíìdì tó lè jẹ aṣọ sí i, ó mú un gbóná, ó dà á sínú omi. Èyí tí à ń mu ta sánsán díẹ̀. Èyí tó ń fọ́jú, Ọmọ́níkẹ́, Abóníkì ló ń rùn. Abóníkì tí mo ń fi pa orúnkún gan-an. Mo ní ta ló gbé Abóníkì wọlé? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo ti gbà. Lẹ́yìn ọdún tuntun, màá gbé ìgò náà lọ.

Mo ti gbọ́ ìbéèrè rẹ. Àyè ti tán lórí ìwé.

Akíndúró.


Rogers Park
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kìíní, 1986

Ọmọ́níkẹ́,

Kì í ṣe Bímbọ́lá ló kọ èyí. Sàláhúdéènì ni, ará Ìbàdàn tó ń gbé lókè wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kì í mutí, kò sì fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ọtí. Mo ní kí ó kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ̀wé nípa májèlé, ó sì gbà.

N kò kí ọ. Kò sí ìkíni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ní Sátidé, Bímbọ́lá da ẹ̀bù àti ásíìdì sí ọtí Àdùfẹ́. Ó mú un gbóná, ó gbé e fún mi. Mo gbé e súnmọ́ imú. Abóníkì ni. Ó gbóná lọ́fun mi bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bímbọ́lá gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìta sánsán díẹ̀ ti ọtí mímu yẹn ni." Mo mọ ọmọ yẹn. Bó ṣe wo ìyá rẹ̀ lójú nìyẹn nígbà tó wálé, ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú, tó ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ń yá. Ó ń tù mí nínú ni. N kò bá a jiyàn.

O bi mí bóyá mo da abọ́ àkọ́kọ́ nù. N kò mọ̀. Mo jókòó ti iná. Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn. Àdùfẹ́ pè mí láti inú yàrá pé kí n wá yí òun padà, ẹ̀gbẹ́ ń dùn ún. Mo lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, n kò lè já a gbà. Nígbà tí mo padà dé, abọ́ kan ti kún, ó ti ń ṣàn kọjá etí. Mo gbé òmíràn sábẹ́ páìpù, òun náà kún. Mo da abọ́ kan sí kẹ́ẹ̀gì, mo da ọ̀kan sílẹ̀. Èwo ni mo dà síbo, n kò lè fi orí mi búra.

Èmi ni mo pa káfíńtà náà. Sọ fún Ọlọ́jà pé ọwọ́ mi ni, kì í ṣe ọwọ́ Àdùfẹ́. Kí ó má dúró di ìparí oṣù kejì. Wó àgọ́ náà, fọ́ àwọn ìkòkò. Bímbọ́lá kò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo kọ èyí.

Akíndúró.


Orí-Omi
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, 1986

Bàbá Bímbọ́lá,

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi lórí ìkúnlẹ̀ náà.

Mo gba ìwé yín. Mo kà á, mo jókòó, mo tún kà á. N kò wó nǹkan kan. N kò sọ nǹkan kan fún Ọlọ́jà.

Ẹ ní ẹ gbọ́ òórùn Abóníkì. Ìgbà wo ni ẹ kì í gbọ́ ọ? Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé bí òun bá ti dé ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà létí ilé, òun ti mọ̀ bóyá ẹ wà nílé. Òkèlè tí ẹ bá bù fún àwọn ọmọ mi, wọn kì í lè jẹ ẹ́. Ẹ ń fi pa orúnkún ní Orí-Omi nínú oòrùn, mélòó mélòó wá ni níbi tí yìnyín wà. Ta ló mú ìgò tí ẹ gbé sí imú? Ọwọ́ yín kọ́?

Ẹ bu omi lásán sínú ife. Ẹ gbé e sí imú. Bí omi náà bá ń rùn, ẹ bẹ ọmọ yín, nítorí ẹ ti pè é ní onírọ́ níwájú àlejò.

Ní ti abọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi pè yín, ẹ sì dá a lóhùn. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. Ẹ má fi ìkankan nínú rẹ̀ bínú sí mi.

Ọmọ́níkẹ́.


Rogers Park
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì, 1986

Ọmọ́níkẹ́,

Mo kí ọ. Mo kí ọ gan-an. Sàláhúdéènì ló ka lẹ́tà rẹ fún mi.

Mo bu omi ẹ̀rọ sínú ife. Ó ń rùn. Mo fọwọ́, mo bu òmíràn. Ó ń rùn. Ó wà ní ìka mi, ó wà lára mọ́fúlà tí mo fi ń wé ọrùn, ó wà nínú irunmú mi. Mo gbé ife náà tọ Bímbọ́lá lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan lẹ́tà tí Sàláhúdéènì kọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, nígbà tó yá kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. Mo dúró tì í. N kò mọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe, nítorí Abóníkì wà níbẹ̀.

Ó ní èyí tó ń fọ́jú kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹmu tí a fi pọn ọtí náà. Bí n kò tilẹ̀ da abọ́ kankan nù, kò lè tó láti fọ́ ojú ènìyàn. Kí ó tó lè fọ́jú, ẹnìkan ní láti rà á ní ọjà, kó sì dà á sí i. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó ń tù mí nínú. Ó ní, "Ẹ wọ bàtà yín, ẹ wá fi ojú yín wò ó."

Ó ní imú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó lè dá dúró, òun gan-an kò fẹ́ kí ẹjọ́ parí síbẹ̀. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń kán sí i tẹ̀ lé ara wọn, ìyẹ̀fun kan ló ń kẹ́yìn. Bí èyí tó ń fọ́jú bá wà nínú ọtí, kódà kó jẹ́ díẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di elése àlùkò. Ó ní kí n jókòó sí ìkángun yàrá, kí n má fọwọ́ kan nǹkan. Omi mọ́ gaara. Èyí tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ da májèlé sí di bí ìyẹ́ àlùkò. Ti Àdùfẹ́ dúró bí omi òjò. Mo jókòó, mo ń wò ó. Bímbọ́lá ní ká máa lọ, wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wò ó sí i.

Sàláhúdéènì ń bọ̀ nílé ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní òun kọ lẹ́tà burúkú, òun ni yóò gbé èyí tó dára wá, yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ fúnra rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìgò kékeré. Gbé e fún Ọláṣẹ̀hìndé, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní kẹ́místírì ní girama. Bímbọ́lá ti kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé míràn, àwọn oògùn tó kù wà ní ilé ìwé. Kí Ọlọ́jà fọwọ́ ara rẹ̀ bu ọtí láti inú ìgò méjèèjì tó tì mọ́lé, kí ó fi àmì tí òun nìkan mọ̀ sí i. Tíṣà kò gbọdọ̀ mọ èwo ni ti ta. Kí wọ́n fi omi lásán kún un. Ọmọ́níkẹ́, má gbàgbé omi lásán. Ká ní mo kọ́kọ́ gbóòórùn omi lásán ní ọjọ́ yẹn, n kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé ìyàwó mi.

Akíndúró.


Orí-Omi
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 1986

Bàbá Bímbọ́lá,

Mo kúnlẹ̀ ire. Sàláhúdéènì dé ní ọjọ́ Àìkú, ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ó jẹun, ó sùn, ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò gbóòórùn nǹkan kan nílé yín láti ọjọ́ tí òun ti mọ̀ yín, àfi ìpara yín.

A péjọ sí ààfin ní ọjọ́ Ẹtì. Ọlọ́jà bu ọtí náà fúnra rẹ̀, ó fi òwú so wọ́n, funfun, dúdú, pupa, ó sì kọ ìtumọ̀ wọn sínú ìwé tó fi sábẹ́ àga. Tíṣà ní kí ẹnikẹ́ni má súnmọ́ tòsí. Ìjòyè kan ní òun fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó, imú ti dá ẹjọ́ kan rí nínú ẹbí wa." Olówùú funfun kò yí padà. Olówùú dúdú kò yí padà. Olówùú pupa di elése àlùkò, ó ń dúdú lọ bí a ṣe ń wò ó.

Ọlọ́jà yọ ìwé láti abẹ́ àga. Ó ní funfun ni omi, dúdú ni ti Àdùfẹ́, pupa ni ti Oyèwùmí. Oyèwùmí ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ra sípírítì lọ́wọ́ ẹni tó ń po ọ̀dà, òun dà á sí i kí ó lè pọ̀. Ọlọ́pàá ló mú un lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ojú wọn fọ́ wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wá. Ó ní, "Irú àwọ̀ wo ni?" Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un ní etí. Nígbà tí a ń jáde, obìnrin náà dúró níwájú mi. Ó gba àpò mi, ó bá mi gbé e délé.

Àgọ́ wà ní ìdúró. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ́níkẹ́.


Rogers Park
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta, 1986

Ọmọ́níkẹ́,

Mo gbọ́, mo sì kí ọ. Dá iná. Bí abọ́ àkọ́kọ́ bá kún, dà á sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń ṣe. Bímbọ́lá ní kò sí ìdí tí ó fi pọn dandan. Mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o sì dà á nù. Mú ọtí ìgò kan lọ fún obìnrin yẹn. Bí kò bá gbà á, gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, má bá a jiyàn.

Ó ku ààbọ̀ nínú ìgò tí mo gbé wá. Lánàá, yìnyín ti yọ́ tán níwájú ilé wa. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo da ife kan sí ìdí igi tó wà létí ọ̀nà, mo ní ti ilẹ̀ ni. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ dúró, ó ń wò mí. Mo kí i, ó kí mi. Mo padà gòkè, èmi àti Bímbọ́lá mu díẹ̀díẹ̀ nínú èyí tó kù. Oṣù karùn-ún rèé tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí. Ó ń jóni lọ́fun, ó sì ní adùn kan lẹ́yìn, bí Àdùfẹ́ ṣe máa ń pọn ọ́n.

Mo jí láàárọ̀ yìí, mo la ojú. Mo rí fèrèsé. Mo rí Bímbọ́lá tó jókòó létí ibùsùn rẹ̀, tó ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́. Bàtà òsì ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi okùn dì í. Mo bi í pé ìgbà wo ló já. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ibi ìsìnkú ìyá òun dé ni.

Ojoojúmọ́ ló ń wọ̀ ọ́ níwájú mi. N kò rí i rí.

Akíndúró.